Abul-Qaasim Az-Zahrawi: Mùsùlùmí tó ń fi eegun màlúù gbẹ́ eyín ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn

Ní àgbègbè wa níbí, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ẹ̀rúnmu, bí eyín bá fi òru méjì léra da ènìyàn láàmú, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni pé kí wọ́n bá òun yọ ọ́ sọnù. Ẹni tó bá sì ti ní ẹ̀mú lọ́wọ́ ni yóò la ẹnu fún. Wọ́n yọ eyín, ìrora rọlẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ parí. Ó di bí ọdún kan sí i kí onítọ̀hún tó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ti ń jìn wọ inú, àti pé eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà ti ń tẹ̀. Nígbà tí owó bá sì dé, tó fẹ́ fi eyín mìíràn síbẹ̀, dókítà yóò sọ fún un pé eegun tó yẹ kí eyín náà dúró sí ti sún kì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ọkàn wa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni, oníṣẹ́ abẹ ni, ó sì ti kìlọ̀ irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni a gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Orúkọ rẹ̀ ni Abul-Qaasim Khalaf ọmọ Abbaas Az-Zahrawi. Àwọn ará Yúróòpù tí ahọ́n wọn kò gba Abul-Qaasim sọ ọ́ di Albucasis, orúkọ yìí sì ni ẹ óò bá nínú ọ̀pọ̀ ìwé àwọn dókítà. Az-Zahrawi túmọ̀ sí ará Az-Zahraa. Madiinatuz-Zahraa ni ìlú tí Khalífà Abdur-Rahmaan Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó lẹ́bàá Qurtubah ní ilẹ̀ Andalus ní nǹkan bí ọdún 936. Qurtubah yìí ni wọ́n ń pè ní Cordoba lónìí, Andalus sì ti di Sípéènì àti Potogí. Ní nǹkan bí ọdún 936 yẹn náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé wọ́n bí Abul-Qaasim, tó fi jẹ́ pé òun àti ìlú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n tún máa ń pè é ní Al-Ansaari, èyí tó fi hàn pé ìdílé rẹ̀ ka ara wọn mọ́ àwọn ará Madiinah tó gba Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sí ìlú wọn.

Kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní ilé kéwú lè mọ àsìkò tí à ń wí: Ibn Abi Zayd tó kọ Risaalah, èyí tí à ń kà nígbà tí a bá ti kúrò nídìí wàláà, wà láyé ní Qayrawaan nígbà náà, ó sì kú ní ọdún 996. Mazhab Maaliki tí àwọn aáfà wa ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Yorùbá náà ni àwọn ará Andalus ń tẹ̀lé. Bí ọkùnrin yìí bá wọ mọ́sálásí wa lónìí, ìrun wa kò ní ṣàjèjì sí i. Ó ń yà wá lẹ́nu pé ọmọ kéwú lè lo ọdún mẹ́wàá lórí ìwé àwọn ará àsìkò yẹn kí ó má gbọ́ orúkọ oníṣègùn kan ṣoṣo nínú wọn.

Àwọn òpìtàn ka Az-Zahrawi mọ́ àwọn oníṣègùn ààfin Khalífà Al-Hakam Kejì, tó jọba láti 961 sí 976, ọba tí ìfẹ́ ìwé kò jẹ́ kó sinmi. Ibn Hazm, ọ̀mọ̀wé ńlá Qurtubah, yin ìwé Az-Zahrawi láàrin àwọn ìwé tí Andalus lè fi yangàn. Al-Humaydi náà dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí àwọn ènìyàn pàtàkì ilẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àkọsílẹ̀ lórí ìgbésí ayé rẹ̀ kò pọ̀, a ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú. Inú ìwé tirẹ̀ gan-an ni a ti mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Ìwé náà ni At-Tasriif. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ gùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ẹni tí kò lágbára láti kó ìmọ̀ ìṣègùn jọ fúnra rẹ̀ ni a kọ ọ́ fún. Apá 30 ni, ó sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1000, lẹ́yìn tó ti fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣe iṣẹ́ ìṣègùn. Oògùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ìkẹyìn, èyí tó dá lórí iṣẹ́ abẹ, ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín in sí: fífi irin gbígbóná jó ibi àìsàn, fífi abẹ là á, àti títo eegun. Ó sì ya àwòrán nǹkan bí igba irin iṣẹ́ síbẹ̀, kí alágbẹ̀dẹ lè rí ohun tí yóò rọ.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú apá yìí, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní iṣẹ́ abẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ilẹ̀ òun, nítorí àwọn tó ń ṣe é kò kọ́ bí ẹ̀yà ara ṣe wà kí wọ́n tó mú abẹ. Ó sọ nípa oníṣègùn aláìmọ̀kan kan tí òun fojú rí, tó fi abẹ la wíwú ọrùn obìnrin kan, tó gé iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sì dà títí ó fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fi àsọdùn sí i, kò sì bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá jókòó kọ ọ̀rọ̀ lórí eyín.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí oníṣègùn má kánjú yọ eyín. Ẹ̀yà ara tó níyì ni, bó bá sì ti lọ, kò sí ohun tí a lè fi dí ipò rẹ̀ tí yóò dà bí òun gan-an. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú gbogbo ìtọ́jú mìíràn. Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n rí i dájú pé eyín tó ń dùn gan-an ni wọ́n fẹ́ yọ, nítorí ìrora máa ń tan aláìsàn jẹ. Yóò na ìka sí eyín tó gbó keke, wọn yóò yọ ọ́, ìrora yóò sì dúró síbi tó wà títí wọn yóò fi yọ èyí tó bàjẹ́. Az-Zahrawi ní òun ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀ ìlú òun. Bí Yorùbá ṣe mọ onígbàjámọ̀ sí ẹni tó ń fárí tó tún ń fa ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Qurtubah.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rìn. Kí wọ́n fi abẹ kékeré tú ẹran ìdí eyín kúrò lára eyín náà yí ká. Kí wọ́n fi ìka tàbí ẹ̀mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mì ín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mì dáadáa. Nígbà náà ni kí wọ́n tó mú ẹ̀mú tó lágbára, kí orí aláìsàn wà láàrin orúnkún oníṣègùn kó má bàa yí, kí wọ́n sì fà á jáde ní tààrà, kó má bàa kán. Bí ihò bá wà lára eyín náà, kí wọ́n fi òwú kún un kí ó má bàa fọ́ mọ́ ẹ̀mú lẹ́nu. Gbòǹgbò tó bá kán sínú, kí wọ́n wá a jáde, nítorí ìrora rẹ̀ máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kìlọ̀ gidigidi lórí ohun tí àwọn onígbàjámọ̀ ń ṣe: wọn a kàn fi agídí fà á, gbòǹgbò yóò kù sínú, tàbí kí eegun àgbọ̀n bá eyín jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Eegun àgbọ̀n tó bá eyín jáde. Lónìí, dókítà eyín tó bá mọṣẹ́ yóò sọ fún yín pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Eegun tó bo gbòǹgbò eyín iwájú ní ìhà ètè tín-ín-rín púpọ̀, kì í sábà ju mìlímítà kan lọ. Ọwọ́ líle kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ ọ. Az-Zahrawi kò ní ẹ̀rọ ìyàwòrán inú ara, kò ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, síbẹ̀ ó mọ̀ pé bí a ṣe yọ eyín ló ń sọ bí ibẹ̀ yóò ṣe rí lẹ́yìn náà.

Ó tún kọ̀wé lórí ìdọ̀tí líle tó máa ń dì mọ́ ìdí eyín, tó ń ba ẹran ibẹ̀ jẹ́. Ó ya oríṣiríṣi irin tí wọn yóò fi ha á kúrò, nítorí irin tí a fi ń ha iwájú eyín kọ́ ni a fi ń ha ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo pákò déédéé gẹ́gẹ́ bí sunnah, irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kò ní tètè rí ibi tẹ̀dó sí lẹ́nu rẹ̀.

Eyín tó bá ń mì, bóyá nítorí ó ṣubú tàbí wọ́n lù ú, kì í yọ ọ́. Wáyà wúrà tín-ín-rín ló ń fi dì í. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ara eyín tó dúró ṣinṣin, yóò hun wáyà náà gba àárín àwọn tó ń mì, yóò sì parí rẹ̀ sára eyín mìíràn tó dúró ní òdìkejì. Ibi tó bá ta kókó rẹ̀ sí, yóò gé e, yóò tẹ̀ ẹ́ sápá kan kó má bàa máa gún ahọ́n. Ó ní fàdákà ṣe é lò, ṣùgbọ́n wúrà ló dára jù, nítorí fàdákà yóò dípẹtà láàrin ọjọ́ díẹ̀, wúrà kò sì ní yí padà.

Ibí yìí yóò dùn mọ́ àwọn tó ka hadiisi. Gbogbo wa mọ̀ pé a kọ wúrà wíwọ̀ fún ọkùnrin mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbàwá kan wà nínú ìwé Abu Daawuud, Tirmizi àti Nasaa'i lórí Arfajah ọmọ As'ad. Imú ọkùnrin yìí gé dànù lójú ogun Kulaab nígbà àìmọ̀kan, ó fi fàdákà ṣe imú mìíràn, imú fàdákà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn mọ́ ọn. Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí ó fi wúrà ṣe é. Láti ara èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé ọkùnrin lè fi wúrà di eyín rẹ̀ bó bá nílò rẹ̀. Bí a bá gbé àkíyèsí oníṣègùn Qurtubah yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbàwá náà, ohun kan náà ni méjèèjì dá lé: ohun tí ara lè gbà mọ́ra láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn fẹ́ fi eyín wúrà ṣe fààrí lóde àríyá, kó má fi Arfajah ṣe àwáwí.

Níparí orí-ọ̀rọ̀ yẹn ni Az-Zahrawi ti sọ ohun tó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ó ní nígbà mìíràn, bí eyín kan tàbí méjì bá ti jábọ́, a lè dá a padà sí àyè rẹ̀ kí a sì fi wáyà dì í bẹ́ẹ̀. A sì tún lè mú eegun màlúù, kí a gbẹ́ ẹ bí eyín, kí a gbé e sí ibi tó ṣófo, kí a so ó mọ́ àwọn tó kù. Ó ní yóò dúró, aláìsàn yóò sì máa lò ó. Ó fi kún un pé ẹni tó mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ nìkan ló yẹ kó dán an wò.

Wáyà ló ń gbé eyín eegun náà ró. Eegun àgbọ̀n aláìsàn kò gbà á mọ́ra. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí eegun ààyè yóò fi hù yí ohun tí a gbẹ́ ká, kí ó sì dì í mú bí ẹni pé a bí i mọ́ ọn. Ìmọ̀ yẹn ṣì jìnnà sí ọjọ́ Az-Zahrawi.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọgbọ. Láti ọdún 1009 ni àwọn mùsùlùmí Andalus ti doju ìjà kọ ara wọn lórí ipò khalífà. Ní ọdún 1010, àwọn ọmọ ogun wọ Madiinatuz-Zahraa, wọ́n kó o, wọ́n sì bà á jẹ́. Ìlú tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ di àwókù lójú ayé rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn ará ibẹ̀ sì bá a lọ. Kì í ṣe kèfèrí ló bà á jẹ́ o. Al-Humaydi ní ẹ̀yìn ọdún 400 hijrah ni Az-Zahrawi kú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn fi í sí nǹkan bí ọdún 1013. Òpópónà kan wà ní Cordoba lónìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2018, àjọ UNESCO fi àwókù Madiinatuz-Zahraa kún àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Ìwé rẹ̀ kò bá ìlú náà lọ. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Gerard ará Cremona jókòó ní Toledo, ó sì túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ náà láti èdè Lárúbáwá sí Látìn. Láti ibẹ̀ ló ti dé Ítálì àti Faransé. Guy de Chauliac, oníṣẹ́ abẹ Faransé tó parí ìwé ńlá tirẹ̀ ní 1363, dárúkọ Albucasis níbẹ̀ léraléra. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ abẹ ní Yúróòpù pẹ̀lú àwòrán ẹ̀mú tí mùsùlùmí yìí yà.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rọ̀ eyín eegun náà kò yanjú títí di ayé àwọn bàbá wa. Ní ọdún 1952, dókítà ará Sweden kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark fi irin titanium sínú eegun ẹsẹ̀ ehoro, kó lè fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ irin náà, kò lè yọ. Eegun ti hù mọ́ ọn. Ní 1965 ló fi irú irin bẹ́ẹ̀ sí àgbọ̀n ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti gbé eyín ró, ọkùnrin náà sì lò ó fún ohun tó lé ní 40 ọdún.

Ṣùgbọ́n irin náà nílò eegun tí yóò dì í mú, ibí yìí sì ni ìkìlọ̀ Az-Zahrawi ti tún padà wúlò. Eegun kì í ṣe òkúta. Ohun abẹ̀mí ni, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́ nígbà gbogbo. Nítorí eyín ni eegun tó yí gbòǹgbò ká ṣe wà níbẹ̀. Bí eyín bá kúrò, ẹ̀jẹ̀ yóò kún ihò náà, yóò sì dì; ẹran rírọ̀ yóò hù, eegun tuntun yóò sì máa hù láti ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́. Bí inú ihò náà ṣe ń dí ni etí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, pàápàá ní ìhà ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń yára jù. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ eegun tuntun. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń sọ pé kí a má yọ ẹnu kíkankíkan ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bó ti wù kí omi iyọ̀ ìyá wa lọ́wọ́ọ́wọ́ tó. Ó di ọjọ́ kejì. Níbí a yà lọ́dọ̀ Az-Zahrawi díẹ̀, nítorí òun ní kí wọ́n fi fínígà àti iyọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn tí eyín bá jáde. Sìgá ń dí ìwòsàn náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò fẹ́ eyín mìíràn níbẹ̀, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó yọ ti àkọ́kọ́. Ibi ìtọ́jú eyín wà ní UCH Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí wa. Dókítà lè di ihò náà ní ọjọ́ tí eyín jáde, kí eegun lè rí ohun tí yóò hù gbà. Nínú ohun tí wọ́n fi ń dí i, eegun màlúù wà níbẹ̀. Wọ́n á fọ gbogbo ẹran àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ bíi gàárì, wọ́n á rọ ọ́ sínú ihò náà, eegun ènìyàn á sì máa hù gba àárín rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, wọ́n lè fi irin sí i. Ẹranko tí Az-Zahrawi mú lò náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa mùsùlùmí. Awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń fi bo irú ihò bẹ́ẹ̀, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ ti yí padà pátápátá, àti lórí ohun tí ìnira sọ di ẹ̀tọ́. A kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ṣùgbọ́n ti màlúù wà, ti ara aláìsàn fúnra rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ṣe láìlo ẹranko rárá wà. Kí a bi dókítà léèrè ibi tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá, kí ó tó fún wa ní abẹ́rẹ́.